Ẹ̀rọ Jibril Ń Mí Fúnra Rẹ̀

NẸ́PÀ mú iná dé ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tí olóògbé fi ń fẹ́ táyà sì gbéra. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ìnsípẹ́kítọ̀ Rodiat Ògúnníyì wà níbẹ̀, kò jìnnà sí i rárá, ó sì ranjú mọ́ ọn. "Gbururu!" ni ẹ̀rọ náà ké. Àgbá rẹ̀ ń gbọ̀n, páànù òrùlé ìsọ̀ náà ń bá a gbọ̀n. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó dákẹ́. Ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wá kù nílẹ̀, "ṣíííí...", bí ẹni tó ń mí láàárín eyín.

Sájẹ́ńtì Cornelius ti dé ojú títì. Ẹ má bi mí ìgbà tó gbéra, èmi náà ò rí i.

"Ọ̀gá, ẹ jáde níbẹ̀!" ló ń pariwo. "Ṣé ẹ ò rí i pé ẹni tó ni ìsọ̀ ti dé ni?"

"Ta ló ni ìsọ̀?"

"Jibril ni!"

Ká má purọ́, ara Rodiat náà ti bù máṣọ. Ọjọ́ Ajé tó kọjá ni Jibril kú. Fọkanáísà ni, nílùú Jóga-Orílé, lẹ́bàá títì tí àwọn ọkọ̀ ńláńlá ń gbà bọ̀ láti ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Ìbẹ̀ṣẹ̀ pẹ̀lú eruku funfun lára. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ padà dé láti ibi ìrun Àyìlá, wọ́n bá a nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà tírélà kan, ẹ̀mí ti bọ́. Táyà náà kò bẹ́. Kó tó di Àlàásárì, wọ́n ti sin ín gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ṣe wí.

Ọjọ́ kẹta ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lábẹ́ ẹnu. Wọ́n ní Husain, àbúrò olóògbé, bá a jà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n ní àwọn fi etí ara àwọn gbọ́ ọ tó ń lọgun pé, "Ẹ̀gbọ́n, nǹkan yìí máa pa yín!" Wọ́n tún ní ó gbé ìgò sobo kan fún un, Jibril sì mu ún. Àwọn ọlọ́pàá Ìlaròó bá gbé Husain. Ìdílé kọ̀, wọn ò jẹ́ kí wọ́n hú òkú. Agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ọ̀la, ọjọ́ Ajé, ni wọ́n fẹ́ gbé e lọ sílé ẹjọ́ pé ó fi májèlé pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni Rodiat tọrọ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀.

Ó nídìí tó fi tọrọ rẹ̀. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ìwé tí òun fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni wọ́n fi sọ ọkùnrin kan sẹ́wọ̀n. Ibẹ̀ ni ọkùnrin náà kú sí kí wọ́n tó mọ̀ pé kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Látìgbà náà, bí Rodiat bá di kálámù mú láti kọ orúkọ afurasí, ọwọ́ rẹ̀ máa ń wúwo.

Ó wo ẹ̀yìn, ó rí abọ́ omi ọṣẹ tí Jibril fi ń wá ihò táyà. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó sì ń fi í pa họ́ọ̀sì, okùn rọ́bà tí afẹ́fẹ́ ń gbà, díẹ̀díẹ̀ láti ìdí ẹ̀rọ títí dé orí. Ìdí kò hó. Àárín kò hó. Ó kan orí họ́ọ̀sì, níbi tí ẹnu irin kékeré kan wà tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní kọ́pílà. Ẹnu yìí ni wọ́n ń ti imú irinṣẹ́ bọ̀: á dún "kẹ́ẹ́", á gbé e mú, afẹ́fẹ́ á máa lọ. Bí wọ́n bá yọ irinṣẹ́ náà, ẹnu á pa dé fúnra rẹ̀, afẹ́fẹ́ ò sì ní jò.

Èyí ń jò. Ìfóòfó ọṣẹ ń yọ lẹ́nu rẹ̀ ní wẹ́wẹ́.

"Cornelius! Padà wá, jàre. Kì í ṣe òkú. Afẹ́fẹ́ ń jò díẹ̀díẹ̀ níbí. Bí afẹ́fẹ́ inú àgbá bá ti relẹ̀, tí iná sì wà, ẹ̀rọ á gbéra fúnra rẹ̀ láti rọ òmíràn kún un. Bó bá kún, á dákẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn."

Cornelius yọjú. "Ẹ ṣáà dúró kó dákẹ́ pátápátá ná, Ọ̀gá." Ọmọ Ègùn láti Ìpókíá ni, ó sì gbọ́ Faransé dáadáa. Ó tẹ̀ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀, ó ka ohun tí wọ́n kọ sára kọ́pílà náà. "Kútọnu lèyí ti wá. Tuntun sì ni. Irú èyí tó ń gba gbogbo imú ni, ti Faransé o, ti Ṣáínà o, kò sí èyí tó kọ̀. Ta ló ń ra ọjà Kútọnu nínú ìdílé yìí? Ṣebí Husain ni! Ẹ wá rí i, ó mọ̀ọ́mọ̀ ta èyí tó bàjẹ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀."

"Èyí tó bàjẹ́ kì í pa èèyàn, á kàn máa jò ni." Rodiat dìde. "Ohun tuntun ló ń jò yìí. Kí ló há a lẹ́nu?"

Ó fẹ́ tú u, àmọ́ ohùn obìnrin kan dá a dúró láti ojú fèrèsé ilé tó wà lẹ́yìn ìsọ̀.

"Ìnsípẹ́kítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ kàn án."

Mẹ̀dínátù, ìyàwó olóògbé, ni. Ó wà nínú opó, kò sì lè jáde. Ẹ̀yìn kọ́tìnì ló jókòó sí, Rodiat sì lọ dúró sábẹ́ fèrèsé náà.

"Ẹ kú ọ̀fọ̀, Màmá. Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere."

"Àmín. Ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Ọjọ́ keje rèé. Bí iná bá ti dé, á mí. Mo máa ń dá a lóhùn o, kí n má tàn yín. Mo máa ń sọ pé, 'Bàbá Roheemat, ẹ sinmi, ó tó.' Kì í gbọ́. Mo wá ń rò ó pé bóyá nǹkan kan wà tó fẹ́ sọ fún mi."

"Kí ló dé tẹ́nikẹ́ni ò lọ pa á?"

"Àṣà ẹgbẹ́ wọn ni. Bí fọkanáísà kan bá kú, wọn kì í fọwọ́ kan irinṣẹ́ rẹ̀ títí wọ́n á fi ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ. Ọ̀la ni. Wọ́n á péjọ láàárọ̀, wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ lé arọ́lé lọ́wọ́. Àlùfáà Bàrúwà ló ń ṣọ́ ọ, àwọn lolórí ẹgbẹ́. Láti ọgbọ̀n ọdún làwọn àti ọkọ mi ti jọ ń ṣiṣẹ́. Àwọn náà ló wẹ òkú rẹ̀."

"Husain ńkọ́, Màmá? Ṣé ẹ rò pé ó lè ṣe é?"

Kọ́tìnì náà kò mì. "Èmi ni mo tọ́ ọmọ náà. Ẹ̀yìn mi ló gùn láti kékeré. Lọ́jọ́ kìíní tí wọ́n mú un, mo ní irọ́ ni. Lọ́jọ́ kejì mo ní irọ́ ni." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Àmọ́ bí ẹ̀rọ yẹn ṣe ń mí yìí, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ mọ́. Ọkàn mi ti ń korò sí i, ìyẹn ló sì ń dùn mí jù."

Rodiat gbà pé òun á dúró di ọ̀la. Ó ní kí Cornelius jókòó ti ìsọ̀ náà. Cornelius wo ẹ̀rọ, ó wo ọ̀gá rẹ̀, ó sì gbé àga jìnnà díẹ̀.

Ìsọ̀ Àlùfáà Bàrúwà ló kángun sí ti Jibril. Bàbá náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó rẹwà lágbà, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun báláú. Ó ń ka tẹ̀súbáà nígbà tí Rodiat kúnlẹ̀ kí i.

"Dìde, ọmọ mi. Wàá jókòó?"

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Níbo lẹ wà nígbà tí nǹkan yìí ṣẹlẹ̀?"

"Mọ́sálásí ni gbogbo wa wà. Jibril ló ní òun fẹ́ parí táyà kan kí òun tó wá."

"Ẹ̀yin lẹ wẹ̀ ẹ́. Kí lẹ rí lára rẹ̀?"

Bàbá náà dá tẹ̀súbáà dúró. "Ẹni tó bá wẹ òkú, ohun yòówù tó bá rí, á bò ó mọ́lẹ̀ ni. Ẹ̀sìn wa ló wí bẹ́ẹ̀. Ìwọ náà, ọmọ Mùsùlùmí ṣáà ni ọ́."

"Ọmọ Mùsùlùmí ni mí, Bàbá. Ọlọ́pàá sì ni mí. Ṣé ẹ rí ọgbẹ́?"

"Ọ̀rẹ́ mi ni mo rí."

Ojú ti Rodiat. Ó bẹ̀bẹ̀, ó sì fẹ́ máa lọ. Ó wá rántí ìbéèrè kan. "Ṣé ẹ rò pé Husain ló pa á?"

"Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tó pamọ́," ni bàbá náà wí, ó sì padà sídìí tẹ̀súbáà rẹ̀.

Rodiat dé inú mọ́tò kí ọ̀rọ̀ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gún un lọ́kàn. Ojú bàbá yìí ni Husain ti dàgbà. Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ gbé e lọ sílé ẹjọ́ fún ìpànìyàn. Àgbà ọ̀rẹ́ ìdílé ò sì lè sọ pé "Ọmọ yìí ò lè ṣe é"? Ká tilẹ̀ ní bàbá náà gbà pé Husain ṣe é, ṣé kò lè bínú ni?

Ní àgọ́ ọlọ́pàá Ìlaròó, Husain ti rù. Aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n mú un náà ló ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Màdáámù, ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run. Sobo yẹn, èmi náà mu nínú rẹ̀."

"Sobo kọ́ ni mo bá wá. Ìjà yẹn, kí lẹ jà lé lórí?"

"Kọ́pílà ni." Ó nu ojú. "Àwọn fọkanáísà márùn-ún ló wà níbẹ̀, imú irinṣẹ́ wọn ò bára mu. Ìdí nìyẹn tí Ẹ̀gbọ́n fi ní kí n ra èyí tó ń gba gbogbo imú wá, kí ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá bàjẹ́ lè máa lo tàwọn. Ẹ ò rí i bí ọkàn wọn ṣe rí! Mo rà á wá. Mo ní, 'Ẹ̀gbọ́n, ó ń gba gbogbo imú lóòótọ́, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n ti imú tó ti gbó bọ̀ ọ́ o. Bó bá kán nígbà tí àgbá kún, họ́ọ̀sì á fò sókè, á sì máa na ohun tó bá bá. Nǹkan yìí máa pa yín!' Mo ti rí i ní Kútọnu, ó fọ́ eyín ẹnì kan. Ẹ̀gbọ́n ní mo ń fojo ṣiṣẹ́. Ohun tó fa ariwo nìyẹn."

"Ṣé wọn ò ní imú tuntun ni?"

"Mo ra mẹ́fà mọ́ ọn, irin funfun tó ń dán, ó wà lára páálí kan. Wọ́n ní ọjọ́ Jímọ̀ tí ẹgbẹ́ bá ṣèpàdé làwọn á pín in. Wọn ò rí Jímọ̀."

"Kí ló dé tó ò sọ èyí láti ọjọ́ yìí?"

"Ta ló bi mí? Sobo ni wọ́n ń bi mí!"

Rodiat fà sún mọ́ irin sẹ́ẹ̀lì. "O wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n wẹ̀ ẹ́?"

"Mo wà níbẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ àbúrò, èmi ló yẹ kí n di orí wọn mú. Àlùfáà Bàrúwà ò gbà. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ní kí n ti máa bu omi. Àwọn nìkan ló di orí mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo rò pé ìfẹ́ ni. Ohun kan ṣáà yà mí lẹ́nu."

"Sọ ọ́."

"Òwú. Lọ́dọ̀ wa, bí a bá wẹ òkú tán, tí a nù ún gbẹ, ìgbà yẹn la tó ń fi òwú sí i. Àmọ́ kí n tó gbé omi dé, Ẹ̀gbọ́n ti ní òwú létí."

"Etí méjèèjì?"

"Rárá o. Etí òsì nìkan."

Rodiat dìde. Etí tí wọ́n fi òwú dí kí omi tó kàn án, tó sì jẹ́ ẹyọ kan, ẹ̀jẹ̀ ni òwú yẹn ń bò. Ẹni tó sì mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìwẹ̀, kì í ṣe ibi ìwẹ̀ ló ti kọ́kọ́ rí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n ti ń ṣe àmín ìkẹyìn nígbà tí Rodiat dé Jóga. Agogo mẹ́jọ ti lù kọjá. Àwọn fọkanáísà mẹ́rin tó kù jókòó sórí ẹní níwájú ìsọ̀, Àlùfáà Bàrúwà ló wà láàárín. Rodiat kí gbogbo wọn, ó sì kọjú sí fèrèsé.

"Màmá, ẹ gbà mí láyè."

"Mo ti gbà yín láyè," ni Mẹ̀dínátù dáhùn lẹ́yìn kọ́tìnì.

Rodiat pa iná ẹ̀rọ. Ó tú afẹ́fẹ́ inú àgbá dànù, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́jọ tí "ṣíííí" yẹn dákẹ́ pátápátá. Àwọn kan nínú wọn mí kanlẹ̀. Ó fi sípánà tú kọ́pílà, ó sì gbọ̀n ọ́n sórí áńkáṣíìfù funfun. Ohun kan bọ́ sílẹ̀, kò ju hóró ìrẹsì lọ.

"Idẹ ni," ni ó wí, ó gbé e sókè. "Ìlà nọ́ọ̀tì wà lára rẹ̀. Imú irinṣẹ́ kan ló kán sínú ibí yìí. Ẹni tó ni ín yọ èyí tó tóbi lọ, kò mọ̀ pé wẹ́wẹ́ rẹ̀ ṣẹ́ kù. Òun ni kò jẹ́ kí ẹnu yìí pa dé. Òun ló ń mú kí ẹ̀rọ máa gbéra." Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Imú idẹ, ta ló ní i láàárín yín?"

Wọ́n ń wo ara wọn. Ọ̀kan ní, "Idẹ kẹ̀? Irin ni tàwa. Ayé àtijọ́ ni wọ́n ń ṣe ti idẹ. Àfi Àlùfáà..." Ó pa ẹnu mọ́.

"Cornelius, mú páálí imú tuntun tó wà nínú ìsọ̀ yẹn wá. Ka imú tó wà lára rẹ̀."

"Márùn-ún, Ọ̀gá."

"Mẹ́fà ni Husain rà. Ọjọ́ Jímọ̀ ni olóògbé fẹ́ pín in, ọjọ́ Ajé ni wọ́n kú. Ẹ̀yin náà lẹ ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan irinṣẹ́ wọn títí di òní. Ta ló wá gba ẹ̀kẹfà?"

Cornelius ti wọ ìsọ̀ Àlùfáà Bàrúwà. Nígbà tó jáde, ó gbé irinṣẹ́ ìtú-nọ́ọ̀tì kan dání, ọ̀dà rẹ̀ ti bó tán. Imú funfun kan ń dán lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ wo arúgbó tó wọ bàtà tuntun," ni Cornelius wí. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, òun náà sì sọ ojú sílẹ̀.

Rodiat kúnlẹ̀ níwájú Bàrúwà. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n máa bá a lọ. Mo mọ̀ nípa òwú etí òsì. Mo mọ ìdí tẹ́ ò fi jẹ́ kí Husain dé ibi orí. Agogo mẹ́sàn-án ni wọ́n fẹ́ gbé ọmọ yẹn lọ."

Tẹ̀súbáà bọ́ lọ́wọ́ bàbá náà. Kò ṣà á.

"Nọ́ọ̀tì kan ló le koko," ni ó wí, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun lọ. "Ẹ̀rọ tèmi ò lágbára. Jibril ní kí n wá fi irinṣẹ́ mi sí tòun, ó ní kọ́pílà òun ò kọ ẹnikẹ́ni. Mo tì í bọ̀ ọ́. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó kán. Họ́ọ̀sì fò, irin orí rẹ̀ sì bà á lẹ́yìn etí. Wàláhì, mi ò mọ̀ọ́mọ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mo yọ èyí tó kán, mo mú ọ̀kan nínú tuntun, mo sì lọ bá wọn kírun. Rákáà tó kẹ́yìn ni mo bá."

"Husain ńkọ́, Bàbá?"

"Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ pé ọ̀la ni màá sọ ọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ẹ̀rọ yẹn. Mi ò lè wọbẹ̀ lọ pa á. Mo rò pé Jibril ni."

Rodiat ti yọ fóònù. "Ẹ má gbé Husain kúrò níbẹ̀ o. Mo ti rí ẹni tó ṣe é. Mò ń mú un bọ̀." Ó pẹ́ tí àyà rẹ̀ ti fúyẹ́ tó báyìí.

"Àlùfáà." Mẹ̀dínátù ló pè é. Ó ti gbé kọ́tìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gbogbo wọn sì rí ojú rẹ̀. "Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. Ṣé lójú ẹsẹ̀ ló kú?"

Bàrúwà na ọwọ́ sí tẹ̀súbáà tó wà nílẹ̀.

"Ẹ má purọ́ fún mi. Ẹ̀yin lẹ wẹ̀ ẹ́ fún mi."

"Rárá," ni bàbá náà wí.

"Ó sọ̀rọ̀?"

"Ó pe orúkọ mi. Ó ní oòrùn ti pọ̀ jù lójú òun, kí n jọ̀ọ́, kí n gbé òun síbi òjìji."

"Ẹ gbé e?"

Bàrúwà mi orí pé rárá, omi ojú ń bọ́ sí irùngbọ̀n rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn fọkanáísà náà bú sẹ́kún, ó sì kúrò lórí ẹní.

Mẹ̀dínátù wo Bàrúwà níbi tó jókòó sí. Oòrùn àárọ̀ ti dé orí ẹní tí wọ́n jókòó sí, ó sì ti ń mú.

"Ìnsípẹ́kítọ̀," ni ó wí níkẹyìn, "kẹ́ ẹ tó mú Àlùfáà lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé wọn síbi òjìji."

Cornelius gbé àga wá sábẹ́ igi òdòdó. Wọ́n mú bàbá náà débẹ̀, wọ́n ní kó jókòó. Kò jókòó. Ó padà sínú oòrùn, ó sì dúró síbẹ̀ títí mọ́tò fi dé.